Ká ní Chris Farley kò kú ní ẹni ọdún 33, kí ni ì bá dà?

Ìbéèrè: Ta ni Chris Farley, kí ló sì pa á?

Ìdáhùn: Aláwàdà ará Amẹ́ríkà ni, ọmọ ìlú Madison ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. 1964 ni wọ́n bí i. Orí ìtàgé Second City ní Chicago ni wọ́n ti rí i tí wọ́n fi mú un wọ ètò tẹlifíṣọ̀n Saturday Night Live ní 1990, níbi tí òun àti Chris Rock, Adam Sandler àti David Spade ti jọ ṣeré. Ó sanra gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá bíi ti ọmọdé. Tó bá fò sókè, orí tábìlì ló ń balẹ̀ sí, tábìlì á sì rún wómúwómú. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1997, àbúrò rẹ̀ bá òkú rẹ̀ nínú ilé tó ń gbé ní Chicago. Kokéènì àti morphine ló pa á, àwọn iṣan ọkàn rẹ̀ náà sì ti ń dí. Ọmọ ọdún 33 náà ni John Belushi, aláwàdà tí Farley fẹ́ràn jù láyé, nígbà tí oògùn olóró pa òun náà ní 1982.

Ìbéèrè: Òkú kì í ṣeré mọ́. Ǹjẹ́ a lè mọ ohun tí ì bá ṣe?

Ìdáhùn: Ó fi ohùn sílẹ̀, ohùn yẹn ni mo sì gbé ọ̀rọ̀ mi lé. Ẹ rántí Shrek, òmìrán aláwọ̀ ewé inú kátúùnù. Kí òṣèré Mike Myers tó di Shrek, Farley ni Shrek. Àwọn ẹbí rẹ̀ sọ pé ó ti gba ohun tó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ Shrek sílẹ̀ kó tó kú. Ńṣe ni DreamWorks, ilé-iṣẹ́ tó ṣe fíìmù náà, bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Nígbà tí fíìmù náà jáde ní 2001, ohùn bíi ti ará Scotland ni Myers fi sọ ọ́, òun náà ni gbogbo ayé mọ̀ lónìí.

Ní 2015, díẹ̀ lára ohùn Farley bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán tí wọ́n kàn fi ọwọ́ yà ló bá a rìn, kò tíì di kátúùnù gidi. Shrek ń tú inú rẹ̀ fún Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń sọ bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣi òun mọ̀. Mo ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà. Kò pariwo rárá. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó ń ṣe bí ọmọ tí wọn ò pè sí òde tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kì í ṣe ọkùnrin tó ń fi ara fọ́ tábìlì ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè: Ìyàtọ̀ wo nìyẹn ì bá mú wá?

Ìdáhùn: Ìyàtọ̀ ńlá ni. Fíìmù yẹn ló gba Oscar àkọ́kọ́ tí wọ́n fún kátúùnù elékùn-ún-rẹ́rẹ́, mẹ́ta mìíràn sì tẹ̀ lé e ní 2004, 2007 àti 2010. Ìyẹn ni pé Farley ì bá ti rí iṣẹ́ tó lè gbé e fún ọdún mẹ́wàá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí ikùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ikùn yìí kì í ṣe kékeré. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1990, wọ́n gbé òun àti òṣèré fíìmù Patrick Swayze jáde pọ̀ lórí Saturday Night Live bí ọkùnrin méjì tó ń du iṣẹ́ oníjó ìhòòhò. Swayze rí pẹlẹbẹ, ara rẹ̀ le. Farley bọ́ aṣọ, ó ń jó, kò sì jó o bí ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́: ó ń jó o bí ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ náà lóòótọ́. Àwọn olùwòran ń rẹ́rìn-ín. Ijó yẹn ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká, àmọ́ Chris Rock sọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ pé òun kò fẹ́ràn eré náà rí. Èmi náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó kọ́ ọmọkùnrin náà ni pé ara òun ni wọ́n ń rà.

Ìbéèrè: Ṣé ó lè ṣe eré tí kì í ṣe àwàdà?

Ìdáhùn: Òun fúnra rẹ̀ ń wá a. Ó fẹ́ ṣe Roscoe Arbuckle, aláwàdà sísanra ayé ìgbà tí fíìmù kò tíì lóhùn. Ní 1921 ni wọ́n ní ọwọ́ Arbuckle wà nínú ikú òṣèrébìnrin kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá ẹjọ́ náà kí wọ́n tó dá a láre ní 1922, orúkọ rẹ̀ sì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. David Mamet, òǹkọ̀wé eré, ló fẹ́ bá Farley kọ fíìmù náà. Ikú dá a dúró.

Ẹ wo àwọn ojúgbà rẹ̀. Sandler ṣe Punch-Drunk Love, fíìmù tó jinlẹ̀ ju àwàdà lásán lọ, ní 2002. Bob Odenkirk, tó kọ eré Matt Foley fún Farley, ìyẹn ọ̀gbẹ́ni tó ń gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé inú ọkọ̀ létí odò, ló di lọ́yà nínú Better Call Saul, eré tẹlifíṣọ̀n tí a fi ọdún méje wò. Ta ló ronú ìyẹn kàn án ní 1993?

Ìbéèrè: Ṣé ì bá tilẹ̀ pẹ́ láyé?

Ìdáhùn: Ibi tó dùn mí jù nìyí. Wọ́n ní ìgbà 17 ló lọ gba ìtọ́jú. Síbẹ̀ ó ní bí ọdún mẹ́ta tí kò fọwọ́ kan ọtí tàbí oògùn, inú ọdún wọ̀nyẹn ló sì ti ya Tommy Boy, fíìmù rẹ̀ tó dára jù. Nítorí náà ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní oògùn ló ń mú un pani lẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè: Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ìdáhùn: Tommy Boy náà ni. Bàbá ọmọkùnrin náà kú lọ́jọ́ ìgbéyàwó ara rẹ̀, ọmọ wá ń sáré kí ilé-iṣẹ́ bàbá má bàa wó. Ẹ wò ó dópin. Ó dá jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré, atẹ́gùn kò fẹ́, ó ń bá bàbá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn dé.