Àwọn Franco-American Ìlú Lewiston àti Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Wọn

Franco-American ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ èdè Faransé ní Kánádà, pàápàá ní Québec. Láàárín ọdún 1840 sí 1930, nǹkan bí 900,000 ènìyàn ló ti ibẹ̀ ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. New England ni ọ̀pọ̀ wọn forí lé, níbi tí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ pọ̀ sí. Lewiston, ní ìpínlẹ̀ Maine, wà lára àwọn ìlú tí wọ́n tẹ̀dó sí.

Ní Québec tí wọ́n ti ṣí wá, ọmọ pọ̀ nílé, oko tí bàbá fi sílẹ̀ kò ṣe é pín mọ́, gbèsè sì wà lọ́rùn àgbẹ̀. Ní Lewiston, wọ́n ti gbẹ́ ipa omi láti ara odò Androscoggin kí ó lè máa yí ẹ̀rọ àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ bíi Bates àti Continental. Lọ́dún 1874 ni ọ̀nà rélùwéè so ìlú náà mọ́ ti Grand Trunk, rélùwéè tó wá láti Kánádà, ni àwọn ẹbí bá ń dé tọmọtẹrù. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Petit Canada (Kánádà Kékeré) ni wọ́n kó sí, nínú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípákó tó fún mọ́ra. Bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ tó ti gbọ́njú ló ń ṣiṣẹ́, owó wọn ni wọ́n sì ń dà pọ̀ gbọ́ bùkátà ilé.

Gbogbo ohun tó kù lẹ́yìn iṣẹ́, èdè Faransé ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹgbẹ́ Institut Jacques-Cartier bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1872. Àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì láti Saint-Hyacinthe ní Québec dé lọ́dún 1878, wọ́n sì dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ lọ́dún 1888. Ìwé ìròyìn Le Messager jáde láti 1880 títí wọ àwọn ọdún 1960. Lọ́dún 1924 ni ẹgbẹ́ Le Montagnard, ti àwọn tó ń fi bàtà fífẹ̀ rìn lórí yìnyín, bẹ̀rẹ̀. Ilé ìjọsìn ńlá Saints Peter and Paul gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó parí; 1938 ni wọ́n yà á sí mímọ́.

Òfin Maine ti ọdún 1919 pa á láṣẹ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́. Ọgbẹ́ tí òfin yìí dá sí àwọn ọmọ lára kò kéré: ọ̀pọ̀ nínú wọn dàgbà pẹ̀lú ìtìjú èdè ìyá wọn.

Ẹ̀ka Yunifásítì Southern Maine tó wà ní Lewiston ló ń tọ́jú Franco-American Collection: ìwé ìròyìn, fọ́tò, ìwé àwọn ẹgbẹ́, àti ohùn àwọn àgbà tí wọ́n gbà sílẹ̀. Museum L-A, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lewiston tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ sí Maine MILL, náà gba ohùn àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀, ó sì tọ́jú irinṣẹ́ wọn. Àwọn ohùn yìí ṣe pàtàkì gidi, nítorí ìwé owó ilé iṣẹ́ lè sọ iye tí ahunṣọ gbà, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí ariwo ẹ̀rọ ṣe rí létí rẹ̀.

Orúkọ ló máa ń dá ẹni tó ń wá ìran rẹ̀ láàmú jù. Ní Amẹ́ríkà, Boisvert, tó túmọ̀ sí igbó aláwọ̀ ewé, di Greenwood. Roy, ìyẹn ọba, di King. Leblanc, ìyẹn funfun, di White. Ìwé ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n kọ lédè Faransé ló sábà máa ń tú ọ̀rọ̀ náà, torí pé orúkọ ilé bàbá obìnrin ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó ti wọlé ọkọ.