Ẹ Wo Irúgbìn Yín Kẹ́ Ẹ Tó Bú Ìjọba

Bọ̀ọ̀dá kan tún fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ yìí, ó ní òun gbin ìrẹsì sí àkùrọ̀ kan lẹ́yìn ilé, ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì, ẹyọ kan ò hù, ṣé ilẹ̀ ló burú ni àbí àwọn ayé ló wà nídìí ẹ̀. Mo ní níbo lẹ ti rí irúgbìn, ó ní nínú àpò ìrẹsì tí wọ́n ń sè jẹ nílé ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìrẹsì tí wọ́n ti rẹ sómi gbígbóná, tí wọ́n fi ooru sè, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n tún wá kó sí mílì bó èèpo ẹ̀ kúrò, ó ti kú, kò lè hù láéláé. Kò sọ́wọ́ ayé kankan níbẹ̀ jàre. Òun sì kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí.

Àwọn tó ń bi mí nírú ìyẹn náà ló tún máa ń sọ pé ṣebí ìjọba sọ pé Nàìjíríà ló ń gbin ìrẹsì jù ní Áfíríkà, kí ló dé tí àpò kan ò ṣe é rà. Ìbéèrè gidi ni, ẹ jẹ́ n dáhùn ẹ̀.

Ní 1961, gbogbo ìrẹsì tá a kórè ní Nàìjíríà kò tó 200,000 tọ́ọ̀nù, pádì ni mo ń sọ o, èyí tó ṣì wà nínú èèpo. Nígbà tó fi máa di 1980 ó ti tó bíi mílíọ̀nù 1, ní 1990 ó di mílíọ̀nù 2.5, ní 2000 ó lé ní 3, ní 2010 ó sún mọ́ 4.5, báyìí ó ti lé ní mílíọ̀nù 8. Kì í ṣe irọ́, ó gòkè lóòótọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bó mílíọ̀nù 8 pádì yẹn, tí èèpo àti èérí ẹ̀ lọ, ohun tó máa délé ò ju bíi mílíọ̀nù 5 lọ, bẹ́ẹ̀ àwa ń jẹ tó 7 lọ́dún. Ibẹ̀ ni fàyàwọ́ ti ń rọ́nà, tí ìrẹsì tó bá sọ̀ sí Kútọnu á gba ẹ̀yìn wọlé. Wọ́n fòfin de ìrẹsì òkèèrè ní 1985 títí di 1995, wọ́n yá àgbẹ̀ lówó láti 2015 lọ, Kebbi ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n ti bọ́dà pa ní August 2019, ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó ṣí i. Àwọn nǹkan yẹn mú kí èèyàn gbin púpọ̀ sí i, mi ò ní jiyàn ẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí rèé, tí mi ò sì rí ẹni tó ń pariwo ẹ̀: ilẹ̀ là ń fẹ̀, ìrẹsì ò pọ̀ lórí hẹ́kítà. Ní 1990 hẹ́kítà kan ń so bíi tọ́ọ̀nù 2. Lónìí ńkọ́? Bíi tọ́ọ̀nù 2 náà ni, nígbà míì kò tó. Ní Íjíbítì ó lé ní 8. Ẹ máa sọ pé odò Náílì ni wọ́n fi ń bomi rin tiwọn, òótọ́ ni, tiwa púpọ̀ ń wojú òjò, fàtílísà ti wọ́n, ọdún 2022 omi tún ya bo oko lọ rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n òjò kọ́ ló wà lọ́wọ́ yín, irúgbìn ló wà lọ́wọ́ yín.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa nídìí iṣẹ́ yìí ti ṣe tiwọn. Ní Badeggi ní ìpínlẹ̀ Niger ni iléeṣẹ́ ìwádìí NCRI wà, ibẹ̀ ni àwọn irúgbìn tá à ń pè ní FARO ti ń jáde, FARO 44 tí gbogbo ayé mọ̀, 1992 ni wọ́n ti gbé e jáde, bíi oṣù mẹ́rin ló fi ń gbó, tómi àti fàtílísà bá pé, tọ́ọ̀nù 4 sí 6 ò le fún un. Iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn, ó yẹ ká fi yangàn. Kí la wá fi ṣe? À ń lù ú pọ̀ mọ́ ti aládùúgbò lórí tapólì kan náà, à ń kó o sápò tí ìrẹsì èṣí ṣẹ́kù sí, tó bá di ọdún tó ń bọ̀ a tún gbìn ín, ọdún tó tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, títí tó fi máa di àdàlù.

Màmá kan wà lápá Ọbáfẹ́mi-Owódé tó yáwó alájẹṣẹ́kù, ó ra "FARO 44" lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń fi gbohùngbohùn polówó lọ́jà, àpò funfun lásán, kò sí táàgì. Ìgbà tó gbó, ẹ̀ga bo oko. Wòólì kan ti sọ fún un pé ọ̀tá ló rán ẹyẹ sí i, ó ti gba owó ààwẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo wọ inú oko náà, mo ja ṣírí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo tẹ hóró ọ̀kan láàárín èékánná, omi funfun tú jáde. Ìkejì ti gan, mo kàn gbọ̀n ọ́n báyìí ló ń dà sílẹ̀, inú ẹ̀ sì pupa. Irúgbìn àdàlù ni wọ́n tà fún un, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbó nínú oko kan! Bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ẹ̀ bá gbó lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ díẹ̀ lẹyẹ máa fi jẹ, wọ́n á kórè ẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, àmọ́ èyí, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun. Èyí tó kó délé ò tó san gbèsè, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ lọ. Inú ń bí mi tí mo bá rántí, torí wòólì àti olùpolówó yẹn ṣì wà níbi iṣẹ́ wọn.

  

Mi ò ní kẹ́ ẹ ra irúgbìn lọ́dọọdún o, òdòdó ìrẹsì ló máa ń fún ara ẹ̀ lóyún, kì í sábà gbà á lára ìrẹsì míì, tẹ́ ẹ bá dá ibì kan sọ́tọ̀ lóko, tẹ́ ẹ fa gbogbo àjèjì ibẹ̀ tu, ẹ lè gbìn ín bíi sáà mẹ́ta. Kẹ́ ẹ tó gbìn ín, ẹ po iyọ̀ mọ́ omi títí ẹyin adìyẹ tútù á fi léfòó, ẹ da irúgbìn sí i, èyí tó bá léfòó ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, èyí tó rì ẹ fi omi ṣàn án dáadáa. Ẹ wá ka ọgọ́rùn-ún hóró sórí aṣọ tútù, ẹ ká a, ẹ máa wọ́n omi sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Tí 80 bá hù, ó dáa. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ má gbìn ín, ẹ bó o kẹ́ ẹ sè é jẹ, àyàfi èyí tí wọ́n ti po oògùn mọ́, tí àwọ̀ ẹ̀ ti yí padà, ìyẹn ẹ ò gbọdọ̀ fi bọ́ adìyẹ pàápàá.