"DRM-free" kì í ṣe ọ̀fẹ́: ohun tí géèmù tí kò ní àgádágodo jẹ́ gan-an

Lọ́dún 2024, nígbà tí Resident Evil àkọ́kọ́ padà dé orí kọ̀ǹpútà, àbúrò mi kan pè mí lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní géèmù òkú tó ń rìn yẹn ti dọ̀fẹ́ lórí GOG. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dáńlóòdù ẹ̀ sórí fíláàṣì." Mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ojú ewé GOG, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń tà á gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí, gàdàgbà: DRM-free. Ó ní, "Ṣé 'free' kọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn ni?"

Òun nìkan kọ́ ló ń rò ó bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ti ń gbá géèmù láti kékeré. Àwọn kan gbà pé a kì í sanwó fún un. Àwọn mìíràn mọ̀ pé owó wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ní ẹni tó ṣe é ti yọwọ́, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti rà á lè máa pín in fún gbogbo àdúgbò.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ló ń ṣi wọ́n lọ́nà, torí ìtumọ̀ méjì ló ní. Ó lè jẹ́ ohun tí a kò sanwó fún, ó sì lè jẹ́ ohun tí nǹkan kan kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ike mínírà tí wọ́n kọ "sugar-free" sí lára, ẹ ò ní sọ fún ìyá tó ń tà á pé kó gbé e fún yín láìgbowó. Ẹ mọ̀ pé ṣúgà ni kò sí níbẹ̀. Bákan náà ni ti DRM-free: DRM ni kò sí níbẹ̀.

Kí wá ni DRM? Àgádágodo ni, àmọ́ inú fáìlì ni wọ́n fi í sí. Ẹ ti sanwó, géèmù ti wà lórí kọ̀ǹpútà yín, síbẹ̀ kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí géèmù tó ṣí, á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan níbì kan pé ṣé ẹni tó jókòó síwájú òun yìí ló ra òun lóòótọ́. Òmíràn á béèrè lẹ́ẹ̀kan, òmíràn á máa béèrè nígbà gbogbo, òmíràn tún wà tí kì í dẹ́kun ìṣọ́ ní gbogbo àkókò tí ẹ fi ń gbá a. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, tàbí bí ilé iṣẹ́ yẹn bá kógbá wọlé, ẹ ó máa wo géèmù tí ẹ fi owó yín rà bí ẹni ń wo ilé onílé. Níbi tí DRM kò bá sí, ẹ ó dáńlóòdù fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó gbé e sórí ẹ̀rọ, kò sì sí ẹni tí ẹ óò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń fowó ara rẹ̀ ra dátà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn.

Resident Evil yìí, Capcom ló gbé e jáde lórí PlayStation ní Japan lọ́dún 1996, Biohazard ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Shinji Mikami ló darí iṣẹ́ náà. Ẹ ó yan Chris Redfield tàbí Jill Valentine, ẹ ó wọ ilé ńlá kan nínú igbó, ìlẹ̀kùn kan ń ṣí lẹ́yìn òmíràn, ọta ìbọn kò sì tó. Lẹ́yìn náà ló dé orí kọ̀ǹpútà. Bí Windows ṣe ń yí padà ni géèmù ọjọ́ wọ̀nyẹn ń di aláìsàn, títí tó fi jẹ́ pé ẹni tó ní síídì rẹ̀ nílé pàápàá ń tiraka kó tó lè ṣí i. GOG, ilé ìtajà géèmù tí CD Projekt, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, dá sílẹ̀ ní Poland lọ́dún 2008, ló tún un ṣe kó lè ṣiṣẹ́ lórí Windows 10 àti 11. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 ni wọ́n gbé e síta, apá kejì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹjọ, apá kẹta ní oṣù kẹsàn-án. Kò sí èyí tó ní àgádágodo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó ni wọ́n sì ń ta gbogbo wọn.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, géèmù ẹ̀rù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní P.T. jáde lórí PlayStation 4. Ọ̀fẹ́ ni, kọ́bọ̀ kan kò jáde lápò ẹnikẹ́ni. Hideo Kojima tó ń ṣe géèmù àti Guillermo del Toro tó ń darí fíìmù ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n fi ń polongo géèmù ńlá kan, Silent Hills, tí wọ́n fẹ́ ṣe. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2015, Konami, ilé iṣẹ́ tó ni géèmù náà, fagi lé Silent Hills, wọ́n sì yọ P.T. kúrò lórí àtẹ. Ẹni tó ti pa á rẹ́ lórí ẹ̀rọ rẹ̀ kò rí i dáńlóòdù mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gbà á sí àkántì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó débi pé àwọn ènìyàn ń ta PlayStation tí P.T. ṣì wà lórí rẹ̀ lówó gọbọi. Ọ̀fẹ́ ni P.T., àgádágodo sì wà lẹ́nu rẹ̀. Owó ni wọ́n ń ta Resident Evil ti GOG, ẹnu rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Iye owó ní àyè tirẹ̀, àgádágodo ní tirẹ̀.

Ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ náà ní àyè tirẹ̀. Ilé tí wọn kò ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ní onílé. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti Nàìjíríà ti ọdún 2022, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ka fífọ́ irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ pé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní àgádágodo kó tó ní ẹni tó ni ín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ni ẹ̀tọ́ ti wà lórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ lè da fáìlì yín sórí kọ̀ǹpútà tiyín méjì, sórí háàdì dísìkì tiyín, torí pé ẹ̀yin lẹ rà á. Èyí tí àbúrò mi ń bẹ̀ mí fún yẹn ni kò tọ̀nà.

Ibí yìí ni ẹnìkan sábà máa ń bi mí pé: bí kò bá sí àgádágodo, ṣé àwọn olè kò ní kó gbogbo rẹ̀ lọ ni? Ìbéèrè yẹn kò burú. Lọ́dún 2011, CD Projekt gbé The Witcher 2 jáde. Kì í ṣe géèmù ẹ̀rù, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Èyí tí GOG tà kò ní àgádágodo, èyí tó wà nínú páálí ní. Marcin Iwiński, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, sọ pé àwọn ti rò pé ti GOG ni àwọn olè máa kọ́kọ́ pín kiri. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé kò sí iyì fún wọn nínú pípín ohun tí kò ní àgádágodo, jíjá àgádágodo ni wọ́n fi ń gba orúkọ. Kí oṣù tí géèmù náà jáde tó parí, ilé iṣẹ́ náà yọ DRM kúrò nínú ti páálí pẹ̀lú.

Ẹni tó sanwó ni àgádágodo sábà máa ń ni lára. Resident Evil Village jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2021 pẹ̀lú Denuvo àti àgádágodo mìíràn tí Capcom fúnra rẹ̀ fi kún un. Géèmù náà ń dúró gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ènìyàn bá yìnbọn lu ọ̀tá. Nígbà tí wọ́n já àgádágodo náà ní oṣù keje, ìdúró yẹn kò sí nínú ti olè mọ́! Inú oṣù keje yẹn náà ni Capcom tó ṣàtúnṣe fún àwọn tó fowó ra tiwọn. Títí di báyìí, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú.

Mi ò sọ pé àgádágodo kò wúlò fún oníṣòwò rárá. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ lówó máa ń wọlé jù, bó bá sì lè dá olè dúró fún ìwọ̀nba àkókò yẹn, ó ti ṣiṣẹ́ fún ẹni tó fi í síbẹ̀. Ṣùgbọ́n géèmù tó ti lé ní ọdún 28, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wo ló ń ṣọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 2024 kan náà, Capcom fi àgádágodo tuntun sínú Resident Evil Revelations tí wọ́n ti ń tà lórí kọ̀ǹpútà láti 2013. Géèmù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, àwọn ènìyàn pariwo, Capcom sì yọ ọ́ padà.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Rírà á lórí GOG nìkan kò tó, bí ẹ bá fi sílẹ̀ sínú àkántì yín tí ẹ kò dáńlóòdù rẹ̀. Òfin kan ní California, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, ní kí àwọn tó ń ta géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé àyè lílò ni wọ́n ń tà fún un, kí wọ́n tó lè kọ "ra" síbẹ̀. Ó yọ àwọn tó jẹ́ kí oníbàárà dáńlóòdù ohun náà pátápátá, kó lè máa lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀. Fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ni agbára yín.

Àbúrò mi padà ra tirẹ̀. Mo dúró tì í lórí fóònù títí ó fi rí ibi tí wọ́n kọ "offline backup" sí. Ó da fáìlì náà sórí háàdì dísìkì rẹ̀, ó gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ó pa dátà, ó sì tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ọ láti etí fóònù bí ìlẹ̀kùn ilé ńlá yẹn ṣe ń ṣí.