Bóòtù ìdí ṣọ́kù iwájú ń yí, kò sì tú: báwo la ṣe fẹ́ ṣe é nílé?

Tẹ́ ẹ bá ń gun Bajaj tàbí TVS ní Òṣogbo, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ́ìlì á máa ṣàn lára ṣọ́kù iwájú, tẹ́ ẹ bá wọ bọ́ǹpù á dún gbì. Ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò jáde, ló kú yẹn. Àwọn tó fẹ́ tú u fúnra wọn, ibì kan náà ni wọ́n sábà máa ń há sí, ìbéèrè wọn nìyí.

Ṣé iṣẹ́ ilé ni lóòótọ́, àbí ká gbé e lọ fún mẹkáníìkì?

Iṣẹ́ ilé ni, fún máṣíìnì ọ̀kadà. Páìpù tó ń dán, ilé tí páìpù ń wọ̀, sípíríǹgì gígùn, ọ̀pá kan nísàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń gba ihò ara ẹ̀ kọjá, síìlì, ó parí. Máṣíìnì ńlá tí wọ́n dorí ṣọ́kù ẹ̀ kodò ni kẹ́ ẹ gbé fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Kí ló dé tí bóòtù ìdí ẹ̀ ń yí lásán?

Ọ̀rọ̀ wà níbí yìí gan-an. Bóòtù yẹn wọnú ọ̀pá ọ́ìlì tí mo sọ yẹn, ọ̀pá náà ò sì so mọ́ nǹkan míì, sípíríǹgì tó tẹ̀ ẹ́ lórí nìkan ni kì í jẹ́ kó yí. Ẹ wá ti yọ ìdérí òkè, ẹ fa sípíríǹgì jáde, ẹ wá dojú kọ bóòtù, ọ̀pá á máa bá a yí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nítorí náà bóòtù ìdí lẹ ó kọ́kọ́ dẹ̀, nígbà tí sípíríǹgì àti ìdérí ṣì wà níbẹ̀, kí ẹnìkan tẹ ṣọ́kù mọ́lẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó tú u. Ẹ dẹ̀ ẹ́ lásán ni o, ẹ má yọ ọ́ tán, ọ́ìlì á dà sára yín.

Mo ti yọ sípíríǹgì ná, ṣé ó ti bàjẹ́?

Rárá o. Ẹ wá igi mọ́ọ́pù, ẹ fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹnu ẹ̀ kó ṣe ṣóńṣó, ẹ tì í gba ojú páìpù wọlé, ẹ gbá a díẹ̀ kó há sórí ọ̀pá náà. Ẹnìkan á di igi mú, ẹnìkejì á tú bóòtù. Tí ìyẹn ò bá dì í, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo orí ọ̀pá náà, òmíràn ní ojú tí nọ́ọ̀tù lè wọ̀, wẹ́dà èyíkéyìí ládùúgbò, Òkè-Fìà o, Ayétòrò o, á bá yín jó nọ́ọ̀tù tó bá ojú yẹn mu mọ́ irin gígùn. Ẹ ro ìdọ̀tí inú ihò bóòtù kẹ́ ẹ tó ti L-key bọ̀ ọ́, torí tí ojú ẹ̀ bá bó pẹ́nrẹ́n, wàhálà gidi dé nìyẹn.

Ìdérí òkè ńkọ́?

Ẹ dẹ̀ ẹ́ kí ṣọ́kù tó kúrò lára máṣíìnì. Ẹ tú bóòtù òkè tó fún páìpù ṣọ́kù mọ́ máṣíìnì, ẹ fi tìsàlẹ̀ sílẹ̀ kó dì í mú, kẹ́ ẹ wá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì dẹ ìdérí. Tó bá kù díẹ̀ kó jáde, ẹ fi àkísà bò ó, ẹ gbójú kúrò lórí ẹ̀, sípíríǹgì ń tì í láti ìsàlẹ̀. Ẹ má sì gbé páìpù dídán sẹ́nu fáìsì, irin tí wọ́n fi ń di nǹkan mú lórí tábìlì, láìfi rọ́bà túùbù wé e.

Síìlì tuntun ń jò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ṣé fèkè ni?

Ó lè jẹ́ fèkè, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi èékánná ra ara páìpù lókè sódò. Ẹrẹ̀ àsìkò òjò máa ń gbẹ mọ́ ọn, ìpata á jẹ ẹ́ ní kóńkó-kòǹkò, ibi tó rí ṣákaṣàka yẹn ló ń gé ẹnu síìlì. Tí kò bá pọ̀, ẹ fi èmérì tó kúnná dáadáa àti ọ́ìlì rà á, tó bá ti jìn, páìpù lẹ máa pààrọ̀. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù bo ẹnu páìpù, ẹ fi ọ́ìlì pa síìlì lẹ́nu, kó tó kọjá níbẹ̀. Síìlì àtijọ́ lẹ ó gbé lé tuntun lórí, kẹ́ ẹ wá fi PVC tó gba orí páìpù gbá a wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí wáyà tó ń dá a dúró á fi ríbi wọ̀.

Ọ́ìlì wo ni ká dà sí i?

Ọ́ìlì ṣọ́kù tó jẹ́ 10W ló bá ọ̀pọ̀ máṣíìnì kéékèèké mu. Tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá ki jù fún un, ṣọ́kù á le, ọwọ́ á máa dùn yín. Iye tó wà nínú ìwé máṣíìnì ni kẹ́ ẹ fi ìwọ̀n dà, apá ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ bára mu, ẹ má wọn èyí tẹ́ ẹ dà jáde, torí ó ti jò kẹ́ ẹ tó tú u. Ẹ pààrọ̀ wáṣà bàbà tó wà lábẹ́ bóòtù ìdí, kẹ́ ẹ tẹ ṣọ́kù lọ sókè sódò kí afẹ́fẹ́ jáde kẹ́ ẹ tó dérí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo búréèkì iwájú, tí ọ́ìlì bá kán sí i, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò dáadáa, tó bá ti mu páàdì tàbí ṣúù búréèkì, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gun máṣíìnì síta.