Ìwé tó ní kí ẹ lọ rí àwọn elétò ìlera bí ẹ bá dé òkè òkun kì í ṣe ìwé ìdápadà

Ní Ìbàdàn lónìí, ó ṣòro kí èèyàn jókòó sí ibì kan, ì báà jẹ́ Bódìjà, ì báà jẹ́ Challenge tàbí inú ọkọ̀ tó ń kó èrò Èkó ní Ìwó Road, kó má gbọ́ ọ̀rọ̀ físà. Nínú gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ń sọ fún ara wọn, ọ̀kan wà tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ gan-an, nítorí ó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá. Wọ́n ní bí físà bá ti jáde, ọ̀rọ̀ mẹ́díkà, ìyẹn àyẹ̀wò ara tí wọ́n ń ṣe nítorí físà, ti parí nìyẹn, àti pé bí wọ́n bá fún èèyàn níwèé pé kó lọ fara han àwọn elétò ìlera bó bá ti dé ọ̀hún, pańpẹ́ ni. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá wọn lóhùn o. Bí ẹ bá lọ, wọ́n á rí nǹkan lára yín, wọ́n á sì dá yín padà sílé." Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò ro ibi sí ẹni tó ń gbà níyànjú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìwé yìí kò kan gbogbo èèyàn. Àwọn tí wọ́n sábà máa ń fún ni àwọn tí X-ray àyà wọn fi àpá hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró, àti àwọn tó ti ní ikọ́ ẹ̀gbẹ rí, ìyẹn TB, tí wọ́n sì ti gba ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ló jẹ́ pé Èkó ni wọ́n ń lọ ṣe mẹ́díkà náà, torí ọ̀dọ̀ àwọn dókítà tí orílẹ̀-èdè tí èèyàn ń lọ bá fọwọ́ sí nìkan ni àbájáde rẹ̀ ti ń wúlò. Ti ìlú Ọba tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀: àyẹ̀wò TB nìkan ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ̀hún ju oṣù 6 lọ, oṣù 6 náà sì ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Bí X-ray bá mọ́, ó parí. Bí nǹkan kan bá hàn níbẹ̀, wọ́n á gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ 3, wọ́n á sì gbìn ín sí yàrá àyẹ̀wò láti wò ó bóyá kòkòrò TB á hù níbẹ̀. Ìyẹn lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 8. Àárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, tí èèyàn kò gbọ́ nǹkan kan, ni ìbẹ̀rù ti máa ń wọlé, àwọn olùgbaninímọ̀ràn àdúgbò á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí dáadáa, torí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí kòkòrò TB bá hù nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn, wọn kì í fún èèyàn ní físà títí tó fi máa lo oògùn tán, oṣù 6 ó kéré tán, tí wọ́n á sì tún yẹ̀ ẹ́ wò pé ó ti mọ́. Ìdádúró nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí láé. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tí físà ti tẹ̀ lọ́wọ́, tí ìwé "ẹ lọ fara hàn" sì wà pẹ̀lú rẹ̀, ti kọjá ibi tí wọ́n ti lè sọ pé rárá nítorí X-ray yẹn. Wọ́n ti rí àpá náà. Wọ́n ti yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n mọ ohun gbogbo kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Kí ló tún kù tí wọ́n á fẹ́ wá rí lára rẹ̀ láti fi dá a padà? Ohun tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á mọ̀, àwọn gan-an ló sọ ọ́ fún un.

Kí wá ni wọ́n ń wá? Ẹni tí kòkòrò TB wà lára rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo èèyàn àgbáyé ni kòkòrò náà ti wọ̀ lára rí. Nínú 100 irú èèyàn bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 5 sí 10 ni àìsàn náà máa mú nígbà ayé wọn. Àwọn yòókù kò ní wúkọ́, wọn kò ní rù, wọn kò sì lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Ó wà nínú wọn bí ẹyin iná tí eérú bò. Ohun tó lè tú eérú náà kúrò ni kí agbára ara dín kù: àtọ̀gbẹ, HIV, àìsàn kíndìnrín, àwọn oògùn kan tó ń rẹ ìdáàbòbò ara sílẹ̀, tàbí ọjọ́ ogbó. Ìwádìí ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gba àlejò sì ti fi hàn pé láàárín ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ tí èèyàn dé ni àìsàn yìí máa ń jí jù lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí èèyàn tètè wá. Wọ́n fẹ́ mú un kó tó jí.

Ní Kánádà, ọjọ́ 30 ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láti kàn sí ọ́fíìsì ètò ìlera àwùjọ ní ẹkùn tó bá ń gbé. Àwọn kan tí ọ̀rọ̀ tiwọn jẹ́ kánjúkánjú, ọjọ́ 7 ni. Ó lè jẹ́ pé ìwé náà tẹ èèyàn lọ́wọ́ nílé kó tó gbéra, ó sì lè jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ẹnubodè ló máa fún un ní pápákọ̀ òfurufú. Ní Ọsirélíà, èèyàn á ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 815, pé òun á kàn sí wọn láàárín ọjọ́ 28 tí òun bá dé. Ìjọba Ọsirélíà sì sọ ọ́ kedere pé ohun yòówù kí àyẹ̀wò lẹ́yìn físà gbé jáde, kò ní mú físà tí wọ́n ti fún èèyàn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àìlọ gan-an ló lè dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tó bá tún fẹ́ gba físà mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ tí èèyàn ń lọ ni wọ́n máa ń ta lólobó pé ẹni báyìí ń bọ̀, àwọn yẹn á sì wá a. Ní ìlú Ọba, àyẹ̀wò TB àti ìtọ́jú rẹ̀ kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ rí.

Ṣé ẹ wá rí i? Àwọn tó ń dúró de yín níbẹ̀ kì í ṣe imigiréṣọ̀n. Nọ́ọ̀sì ni, dókítà ni.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ, wọ́n á béèrè bóyá ẹ ń wúkọ́, bóyá òógùn ń bò yín lóru, bóyá ẹ ń rù, bóyá ẹnì kan nínú ilé ti ní TB rí. Wọ́n lè tún X-ray yà, kí wọ́n fi ṣe àfiwé pẹ̀lú ti Èkó. Wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀, tàbí kí wọ́n gún yín ní abẹ́rẹ́ kékeré kan lábẹ́ awọ apá, kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 2 sí 3 kí wọ́n wò ó bóyá ó wú. Níbí, ẹ rántí àpá BCG, ìyẹn abẹ́rẹ́ àjẹsára TB, tó wà ní apá òsì ọ̀pọ̀ wa láti ìgbà ọmọ ọwọ́. Ẹ sọ fún wọn. BCG lè mú kí abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ yẹn wú láìjẹ́ pé kòkòrò TB wà lára yín, ṣùgbọ́n kì í da àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rú. Àwọn kan tilẹ̀ gbà gbọ́ pé ẹni tó bá ti gba BCG kò lè ní TB mọ́ láyé. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn ọmọdé ló ń dáàbò bò jù, pàápàá lọ́wọ́ irú TB tó ń wọ ọpọlọ. Ààbò rẹ̀ fún ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà kò tó nǹkan.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ ni wọ́n máa ń sọ fún pé ó tán, ẹ máa lọ sílé. Àwọn mìíràn ni wọ́n á fi oògùn lọ̀, kí kòkòrò tó ń sùn náà lè kú pátápátá. Ó lè jẹ́ rifampicin lójoojúmọ́ fún oṣù 4, ó lè jẹ́ isoniazid fún oṣù 6 tàbí 9, ó sì lè jẹ́ oògùn méjì tí èèyàn ń lò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12. Wọn kì í fi tipá fún èèyàn. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè gbogbo ìbéèrè tó bá wà lọ́kàn yín kí ẹ tó gbà.

Bí ẹ bá gbà á, mo bẹ̀ yín, ẹ fetí sí eléyìí, torí mo mọ bí ilé wa ṣe rí. Rifampicin máa ń sọ ìtọ̀ di àwọ̀ ọsàn, omijé àti òógùn pàápàá. Ẹ má fòyà, ẹ má sì torí rẹ̀ dá oògùn dúró. Àmọ́ bí ẹyinjú bá di àwọ̀ yẹ́lò bíi ti ibà apọ́njú, tí oúnjẹ kò wu èèyàn jẹ mọ́, tí inú ń rìndọ̀, kí ó dá oògùn dúró kó sì pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, torí àwọn oògùn yìí lè pa ẹ̀dọ̀ lára. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ máa mu ọtí sí i. Àgbo tí màmá fi ránṣẹ́ láti Ọjà'ba tàbí Bódìjà pẹ̀lú ìfẹ́, ẹ gbé e sílẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Kò sí nọ́ọ̀sì tó lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ kan náà ló sì máa ru ẹrù méjèèjì. Ẹ̀yin ìyá tó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọ́bíbí oníhóró, ẹ sọ fún dókítà, torí rifampicin máa ń sọ agbára rẹ̀ di ahẹrẹpẹ. Ẹni tó ń lo oògùn HIV náà gbọ́dọ̀ sọ.

Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù yìí ti wá, mi ò sì lè bú ẹnikẹ́ni sí i. Láti 1987 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, òfin Amẹ́ríkà kò gba ẹni tó ní HIV láyè láti wọlé bí àlejò lásán, ká má tilẹ̀ sọ ti pé kó wá máa gbé ibẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá fún un ní àṣẹ pàtàkì. Òfin náà ti kúrò, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ṣì ń rìn kiri, ẹni tó ń sọ ọ́ kò mọ̀ pé ti ìgbà kan ni. Ẹ̀yìn ìyẹn, ẹ wo bí a ṣe ń ṣe sí ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú agbo ilé. Wọ́n á ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀, àwọn kan á ní ogún ìdílé ni, àwọn kan á ní àwọn ayé ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ inú afẹ́fẹ́ ni kòkòrò náà ń gbà, nígbà tí ẹni tí àìsàn náà ń ṣe bá wúkọ́. Kì í gba abọ́, kì í gba bíbọ ọwọ́. Ẹni tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tó bá a mu, kì í pẹ́ tí kò fi ní lè kó o ran èèyàn mọ́. Nígbà tí èèyàn bá ti rí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé, kò lè ṣe kó má gbé ìbẹ̀rù náà wọ bàálù.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé e wò ní apá kejì. Ẹni tó fi ìwé náà pa mọ́ sínú àpótí ń gbé inú yàrá kan pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ ọwọ́. Bí eérú bá tú lọ́dún kejì, ọmọ yẹn ló máa kọ́kọ́ fara kááṣá, torí TB a máa le gan-an lára ọmọdé. Ní ti ìwé náà fúnra rẹ̀, ó wà nínú fáìlì yín. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tàbí òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ bá fẹ́ fi kún ìgbà tó fẹ́ lò, ohun tí kò tíì ṣe lè di ìbéèrè níwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà nílé, bó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn àyà ti ìjọba ní Jẹ́ríkò, UCH tàbí ibòmíràn lẹ ti gba ìtọ́jú TB rí, ẹ lọ gba ìwé tó sọ oògùn tí ẹ lò, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ parí. Ó lè gbà yín lọ́wọ́ lílo oògùn tí ẹ ti lò rí. Ẹ gba X-ray yín pẹ̀lú, bí wọ́n bá lè fún yín, kí ẹ fi í sínú báàgì ọwọ́, ẹ má fi í sínú ẹrù tí bàálù máa gbà.

Àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé ọ̀hún, tí ọjọ́ 30 ti kọjá, bóyá ọdún kan tilẹ̀ ti kọjá, tí ìwé náà ṣì wà níbi tẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sí: ẹ pè wọ́n. Ẹ má dúró de ìgbà tẹ́ ẹ máa rí àwáwí tó dára. Ẹ kàn sọ pé ẹ dé lọ́jọ́ báyìí, pé wọ́n fún yín níwèé, pé ẹ kò tíì wá, pé ẹ fẹ́ wá. Irú ìpè bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wọn. Bí ẹ bá ti kó kúrò ní àdírẹ́sì àkọ́kọ́, ẹ sọ tuntun, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti lè máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti ìgbà yẹn. Bó bá jẹ́ ìlú mìíràn lẹ kó lọ, ọ́fíìsì ìlú tuntun ni kẹ́ ẹ pè. Kẹ́ ẹ tó tẹ nọ́ńbà wọn, ẹ mú ìwé náà, páásípọ́ọ̀tù yín àti ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé sọ́wọ́. Bí èdè wọn bá sì ṣòro fún yín tàbí fún màmá tẹ́ ẹ mú lọ, ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá.