Ṣé gbogbo orin tí wọ́n kọ "Traditional" sí lára ni kò lẹ́ni tó ni ín?

Ìbéèrè: Mo ń gbọ́ àwo orin Joan Baez in Concert tí Joan Baez, akọrin ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1962, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi tó ti ń kọrin fáwọn èèyàn lójúkojú. Mo rí i kà pé "Traditional", ìyẹn orin ìbílẹ̀ tẹ́nì kankan ò mọ ẹni tó ṣẹ̀dá ẹ̀, ni wọ́n pe "Babe, I'm Gonna Leave You" tó wà níbẹ̀, àmọ́ ẹnìkan ní obìnrin kan ló ṣẹ̀dá ẹ̀. Èwo ni ká gbà?

Ìdáhùn: Obìnrin yẹn ló ni ín o, Anne Bredon lorúkọ ẹ̀. Ó ti ṣe orin náà kí 1960 tó dé, ó wá lọ kọ ọ́ lórí rédíò KPFA ní Berkeley, ní California, akọrin míì gbọ́ ọ, ó kọ́ ọ, ó ń kọ ọ́ kiri ní Oberlin College ní Ohio, ibẹ̀ ni Baez ti gbọ́ ọ. Ẹ wò ó, àtẹnu dẹ́nu ni, orúkọ ẹni tó ni ín sì já bọ́ lójú ọ̀nà.

Ìbéèrè: Kí ló wá dé tẹ́nì kankan ò fura?

Ìdáhùn: Orin àtijọ́ làwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń wá kiri nígbà yẹn. Inú àwo yìí kan náà ni "Matty Groves" àti "House Carpenter" wà, ògbólógbòó orin ìtàn gidi ni wọ́n, wọ́n wà lára 305 tí ọ̀jọ̀gbọ́n Francis James Child kó jọ ní Harvard, ìkínní jẹ́ nọ́ńbà 81, ìkejì 243. Tí orin Bredon bá wá bọ́ sáàárín wọn, gìtá kan náà, ohùn kan náà, etí wo ló máa mọ̀yàtọ̀?

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé Led Zeppelin, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì, gbọ́ orin Bredon látinú àwo Baez, wọ́n ṣe tiwọn ní 1969, "Traditional" náà ni wọ́n kọ síbẹ̀, àwo yẹn sì tà bí nǹkan míì. Ọdún 1980 ti kọjá kí Bredon tó mọ̀ rárá! 1990 ni wọ́n tó forúkọ ẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì sanwó fún un.

Ìbéèrè: "Kumbaya" tó wà nínú àwo náà ńkọ́? Wọ́n ní pásítọ̀ kan ló ṣẹ̀dá ẹ̀.

Ìdáhùn: Òdìkejì ti Bredon lèyí. Pásítọ̀ náà, Marvin Frey, sọ pé òun lòun ṣẹ̀dá ẹ̀ láàárín 1930 sí 1940, ṣùgbọ́n Robert Winslow Gordon, ẹni tó máa ń kó orin ìbílẹ̀ jọ, ti gba orin yẹn sílẹ̀ ní Georgia láti 1926, ó ṣì wà ní Library of Congress, ilé ìkówèésí ìjọba Amẹ́ríkà, títí dòní. Orin ìjọsìn àwọn èèyàn dúdú ibẹ̀ ni. Ẹni tó fẹnu kọ ọ́ fún Gordon, "H. Wylie" nìkan ni wọ́n kọ sílẹ̀, wọn ò tiẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀ tán.