Ọdún Kan ní ICU: Ohun Tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì Akunilóorun ní Amẹ́ríkà Ń Wò

Ní Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀sì kì í ti ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bọ́ sídìí iṣẹ́ akunilóorun, ìyẹn CRNA, tààrà. COA, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì akunilóorun, là á kalẹ̀ pé, ó kéré tán, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti fi ọdún kan gbáko tọ́jú àwọn aláìsàn tí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe gbogbo wọ́ọ̀dù ni wọ́n ń kà. ICU, wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, ni: ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ, ti ọkàn, ti àwọn ọmọdé. Iṣẹ́ ẹ̀ka pàjáwìrì gbóná lóòótọ́, àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ kì í gbà á.

Ká mú aláìsàn kan tí wọ́n la àyà rẹ̀ lánàá. Ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, tó ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sójú ẹ̀rọ bí ọkàn ṣe ń lù. Lójijì, ìfúnpá já wálẹ̀. Ṣé kí nọ́ọ̀sì fi kún norepinephrine, oògùn tó ń gbé ìfúnpá sókè, ni, àbí ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nínú, àbí propofol tó ń mú un sùn ló ti pọ̀ jù? Irú èrò yìí gan-an ni akunilóorun ń rò ní yàrá iṣẹ́ abẹ, òun náà ni wọ́n sì sábà máa ń fi dán ènìyàn wò nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹni tó ti fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ ní ICU, tó sì lè ṣàlàyé ìdí tó fi yí oògùn padà, lè gba ipò mọ́ ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún níbẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ tún máa ń ṣe ìdánwò gba CCRN, ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú irú àwọn aláìsàn yìí, kún un. Ọ̀nà kan sí ìdánwò yẹn ni wákàtí 1,750 nídìí aláìsàn láàárín ọdún méjì, kí 875 nínú rẹ̀ bọ́ sí ọdún tó kẹ́yìn.

Èyí tó ń dun àwọn nọ́ọ̀sì wa ni pé ICU Ìbàdàn tàbí Èkó kò sí nínú ọdún kan yẹn. Àfi èyí tí wọ́n bá ṣe ní Amẹ́ríkà, ní àwọn agbègbè abẹ́ rẹ̀, tàbí ní ilé ìwòsàn ológun rẹ̀ lókè òkun. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́wàá nílé, tó yege NCLEX, ìdánwò ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, tó sì débẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Kó sì béèrè dáadáa: àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń ka ọdún náà dé ọjọ́ tí gbígba fọ́ọ̀mù parí, àwọn mìíràn ń kà á dé ọjọ́ ìwọlé.